Ta Ni Yóò Gbé Ẹyin Sẹ́nu?

Ẹpìyà méjì ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n. Ọ̀kan jẹ́ ẹja ọ̀sà: ibi tí omi iyọ̀ àti omi odò ti ń dàpọ̀ ló fi ṣe ilé, láti Senegal títí dé Kamẹrúùnù, ó sì kún inú ọ̀sà Èkó àti adágún Nokoué tó wà lẹ́yìn Kútọnu. Èkejì jẹ́ ẹja odò, ọmọ odò Náílì àti odò Ọya, èyí tí àwọn ọlọ́sìn ẹja ti gbé káàkiri ayé débi pé àwọn ará Ṣáínà ń sìn ín ju àwa tó ni ín lọ. Orúkọ ìwé ti ọ̀sà ni Sarotherodon melanotheron. Ti odò ni Oreochromis niloticus. Bí a bá kó wọn pọ̀ sínú agbọ̀n kan, ẹni tí ojú rẹ̀ bá mú ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀: ti odò ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lóròó lára ìrù, ti ọ̀sà tó ti gbó máa ń ní àmì dúdú lábẹ́ àgbọ̀n. Nínú ọbẹ̀ ata, ẹpìyà ni ẹpìyà ń jẹ́.

Inú omi ni ọ̀rọ̀ wọn ti yàtọ̀. Àwọn méjèèjì kì í fi ẹyin sílẹ̀ lórí ilẹ̀ kí ẹja mìíràn wá jẹ ẹ́. Ẹnu ni wọ́n ń gbé e sí. Ibẹ̀ ni ẹyin yóò ti pa, ibẹ̀ ni ọmọ wẹ́wẹ́ yóò máa gbé títí wọn yóò fi lè dá lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó gbé ẹyin sẹ́nu kò lè jẹun bó ṣe yẹ. Ńṣe ló ń rù. Nínú ẹpìyà odò, ìyá ló ń jẹ ìyà yìí. Nínú ẹpìyà ọ̀sà, bàbá ni. Ìbátan ni wọ́n, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣe é. Kí ló dé tí ẹni tó ń ṣe é fi yàtọ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti odò. Nígbà tí àkókò àtiyé ẹyin bá tó, àwọn akọ á kóra jọ sétí omi tí kò jìn, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Olúkúlùkù á fi ẹnu gbẹ́ kòtò roboto tirẹ̀, á máa bu iyanrìn, á máa tu ú dànù sẹ́yìn, á sì dúró lé kòtò náà lórí. Ìjà kì í tán níbẹ̀. Akọ tó tóbi ló ń gba ibi tó dára, èyí tó kéré á lọ wábi tó kù. Abo á dé, á yí ká, á yan kòtò kan, á tú ẹyin díẹ̀ sílẹ̀, á yí padà kíá láti kó wọn sẹ́nu. Akọ á da àtọ̀ lé e. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tún un ṣe, títí ẹyin inú abo á fi tán. Lẹ́yìn náà abo á gbé ẹrù rẹ̀ lọ sábẹ́ koríko omi, níbi tí kò ti sí ariwo. Akọ kò tẹ̀lé e. Kòtò rẹ̀ ló ń tún ṣe de ẹlòmíràn.

Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyá yìí yóò fi máa yí ẹyin po nínú ẹnu kí omi tútù lè kan gbogbo wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lè jáde, wọn á máa jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí òjìji bá ré kọjá lórí omi báyìí, gbogbo wọn á ya padà wọ ẹnu ìyá wọn lẹ́ẹ̀kan náà, á sì pa ẹnu dé.

Nínú ọ̀sà, abo ló ń fẹ́ akọ. Òun ló ń wá a kiri, òun ló ń gbọ̀n níwájú rẹ̀, òun náà ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò, kòtò kékeré kan báyìí tí ìjà ńlá kì í ṣẹlẹ̀ lé lórí. Akọ lè máa wò ó níran títí kó tó gbà. Nígbà tí ẹyin bá délẹ̀, tí àtọ̀ sì ti kàn án, akọ ló ń ṣà wọ́n sẹ́nu títí ọ̀fun rẹ̀ á fi wú. Abo á bá tirẹ̀ lọ. Oúnjẹ ló ń lọ wá, kí ẹyin mìíràn lè tètè gbó nínú rẹ̀. Bàbá á gbé ẹrù náà fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. N kò ní kí ẹ rò pé gbogbo bàbá ló ń ṣe é yọrí. Àwọn mìíràn máa ń gbé ẹyin mì, ẹnu tó kún lónìí lè ṣófo lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ẹyin bá máa pa, ẹnu bàbá ni yóò ti pa.

Ẹja yìí kan náà ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn apẹja Ganvié ń pè ní akaja, ìyẹn ẹ̀ka igi tí wọ́n ń rì mọ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Nokoué kí èéhọ̀ lè hù sí i lára, kí ẹja sì wá jẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá tú akaja, tó sì la ẹnu àwọn ẹja tó kó, á bá ẹyin tàbí ọmọ wẹ́wẹ́ nínú ẹnu àwọn kan. Bó bá wá la inú àwọn ẹja náà, àtọ̀ ni yóò bá níbi tó ti ń retí ilé ẹyin.

Ohun kan tún wà tí ẹ óò fi sọ́kàn. Nínú ẹpìyà odò, akọ tóbi ju abo lọ gidigidi. Nínú ti ọ̀sà, akọ àti abo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí á wúlò níwájú.

Àlàyé tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu ni ti ìfẹ́ abiyamọ. Àwa tí a gbà pé ìyá ni wúrà, ẹpìyà odò tẹ́ wa lọ́rùn: ìyá ni, kò lè ṣe kó má gbé ọmọ rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìyá jíjẹ́ ló ń fa dídúró, kí la fẹ́ sọ nípa ìyá tó wà nínú ọ̀sà? Lọ́dún 1972, Robert Trivers, onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní Amẹ́ríkà, gbé àlàyé kan jáde tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ó ní ẹyin tóbi, àtọ̀ kéré, nítorí náà ìyá ti ná tirẹ̀ lórí ọmọ kí ọmọ tó dáyé, ẹni tó sì ti náwó jù ni kò ní fẹ́ kó ṣòfò. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Richard Dawkins àti Tamsin Carlisle fọwọ́ tọ́ ibi tó ti jò. Owó tó ti bọ́ sódò kì í ṣe ìdí láti ju òmíràn tẹ̀lé e. Wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú Concorde ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ń náwó lé lọ nítorí pé wọ́n ti náwó lé e púpọ̀. Ohun tó kù níwájú ló yẹ ní wíwò: bí mo bá dúró báyìí, kí ni màá rí? Bí mo bá lọ, kí ni màá rí?

Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn kò sì sí lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Bí ọ̀tayò kò ṣe lè mọ ilé tó yẹ kó kó láìwo ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èrè bàbá wà lọ́wọ́ ohun tí ìyá bá ṣe, èrè ìyá sì wà lọ́wọ́ ohun tí bàbá bá ṣe. Ẹni tó mú ìṣirò irú èyí, tí wọ́n ń pè ní game theory, wọ inú ìgbésí ayé ẹranko ni John Maynard Smith, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣe ẹ́ńjíníà ọkọ̀ òfurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kó tó yà sídìí ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Òun àti George Price ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 1973, tí wọ́n fi ṣàlàyé ìdí tí ẹranko kì í fi í sábà jà dé ojú ikú. Price yìí, ẹni tó fi ìṣirò wá ìdí ìwà ọ̀làwọ́ títí, kó gbogbo ohun tó ní fún àwọn aláìnílé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kú ní òtòṣì lọ́dún 1975. Lọ́dún 1977, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni Maynard Smith gbé ìṣirò náà dé orí bàbá, ìyá àti ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká ta á wò, iye tí màá lò kàn jẹ́ àpẹẹrẹ ni. Ká ní abo kan yé ẹyin 100. Bí bàbá àti ìyá bá jọ tọ́ wọn, 60 á yè. Bí ẹnìkan bá dá a tọ́, 50. Bí kò bá sẹ́ni tó dúró, òfo. Ká ní ìyá ti dúró. Bàbá tó bá dúró tì í á ní ọmọ 60. Bàbá tó bá lọ ṣì ní 50 tí ìyá ń tọ́, ó sì lè pàdé abo mìíràn níta. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mejì ló ń rí abo mìíràn, tí abo yẹn náà á bá a tọ́ 50, a jẹ́ pé 75 ni bàbá alárìnkiri ń retí, lílọ sàn. Bí abo bá wọ́n, tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló lè rí òmíràn, 55 ni, dídúró sàn. Ẹja ò yí padà, ẹyin ò yí padà. Ọjà ìta ló yí ìdáhùn padà.

Ẹ wá gbà pé ìyá ló kọ́kọ́ fò lọ. Bàbá tó bá dúró á ní 50. Bàbá tó bá lọ, ẹyin tó fi sílẹ̀ ti di òfo, 25 tó ń retí níta nìkan ló kù fún un. Yóò dúró ni, bó wù ú bó kọ̀. Ibi méjì nìyí tí ayò yìí lè dúró sí: ìyá ń tọ́mọ, bàbá lọ, tàbí bàbá ń tọ́mọ, ìyá lọ. Èyíkéyìí tí ìran ẹja kan bá ti bọ́ sí, ẹni tó bá dá ṣe òdìkejì á pàdánù, ọmọ rẹ̀ á kéré sí tàwọn yòókù, àṣà rẹ̀ á sì parun pẹ̀lú rẹ̀. Ẹja kankan ò jókòó ṣírò. Ẹni tí ìwà rẹ̀ bá bá ìṣirò mu ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀ láyé, tí ìwà náà sì ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ.

Gbígbé ẹyin sẹ́nu ló wá mú kí ti ẹpìyà gbóná jù. Nínú ẹyẹ, ó lé ní ẹ̀yà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tí bàbá àti ìyá ti jọ ń tọ́mọ, nítorí ọmọ ẹyẹ tó ń la ẹnu kì í yó bí ẹnìkan bá ń dá wá kòkòrò. Nínú ẹran tó ń fọ́mọ lọ́yàn, wàrà wà láyà ìyá, bàbá tó ń tọ́mọ kò sì tó ẹ̀yà kan nínú mẹ́wàá. Ẹja kò ní wàrà, ọmọ rẹ̀ kò sì ń ké pé ebi ń pa òun. Bí ẹnu kan bá ti lè gba gbogbo ẹyin, ẹnu kejì ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ. Ta ni?

Àlàyé mẹ́ta ni mo mọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń gbé lórí èyí, wọn kò sì wúwo bákan náà.

Àkọ́kọ́ ni ti Dawkins àti Carlisle kan náà: ẹni tó bá kọ́kọ́ tú ohun tirẹ̀ sílẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ráyè sá. Nínú omi, ẹyin ló ń ṣáájú, àtọ̀ á tẹ̀lé e. Nígbà tí akọ bá fi máa gbórí sókè, abo ti lọ. Ẹ wo bó ṣe bá ti ọ̀sà mu wẹ́kú! Ṣùgbọ́n abo ẹpìyà odò náà ló ń kọ́kọ́ tú ẹyin, kò sì sá; òun ló yí padà kó ẹyin sẹ́nu. Ẹ̀rí kan sì tún wà tó ju ìyẹn lọ. Lọ́dún 1998, Nicholas Goodwin, Sigal Balshine-Earn àti John Reynolds to ìran àwọn ìbátan ẹpìyà kalẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó lé ní 20 ìgbà tí àwọn ẹja yìí ti yí láti bàbá-àti-ìyá sí ìyá nìkan. Bí sísá lọ bá wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ tú, bàbá ni ì bá wà nídìí ẹyin ní gbogbo ìgbà yẹn. Èmi ti gbé àlàyé yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èkejì ni ti Mart Gross àti Robert Sargent lọ́dún 1985. Wọ́n ní ara abo ni ẹyin ń ti wá: bí abo bá ṣe tóbi tó ni ẹyin rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ọ̀sẹ̀ méjì láìjẹun gidi jẹ́ àdánù ńlá fún un. Àtọ̀ akọ kì í tètè tán bẹ́ẹ̀, akọ tó rù díẹ̀ ṣì lè ṣe bàbá. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀, akọ ni kó gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ó sọ ìdí tó fi jẹ́ pé nínú ẹja tí ń tọ́mọ, káàkiri ayé, bàbá nìkan ló wọ́pọ̀ jù lọ. Ibi tó kù sí ni pé abo ẹpìyà odò ń pàdánù bákan náà, síbẹ̀ òun ló wà nídìí iṣẹ́. Ohun kan gbọ́dọ̀ wà lápá kejì ìwọ̀n tó wúwo ju ààwẹ̀ abo lọ.

Àlàyé kẹta nìyẹn: kòtò ni. Akọ odò tó bá gba kòtò tó dára lè gba abo kan láàárọ̀, kó tún gba òmíràn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Gbogbo ọjọ́ tó bá fi gbé ẹyin sẹ́nu jẹ́ ọjọ́ tí kò lè jà, tí kò lè dúró lórí kòtò, tí ẹlòmíràn á sì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi sọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara lẹ́ẹ̀kan: akọ odò tóbi nítorí ìjà, ìjà sì wà nítorí pé èrè wà níta. Akọ ọ̀sà kò ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ láti ná. Kò sí kòtò àjàgbà, kò sì tóbi ju abo lọ. Bó bá lọ, kò sí nǹkan ńlá tó ń dúró dè é. Níbi tí ọjà ìta bá ti tutù, àlàyé Gross àti Sargent á ráyè ṣiṣẹ́: ẹni tí ààwẹ̀ kò ni lára jù á gbà á. Lójú tèmi, ìta ló ń yan ẹni tó máa dúró nílé, iye tí ààwẹ̀ ń ná olúkúlùkù á sì pín in níbi tí ìta kò bá ti sọ̀rọ̀.

Ẹja kẹta kan wà tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí dá mi lójú. Sarotherodon galilaeus ni, ó wà nínú odò wa, ó sì wà nínú adágún Kinneret ní Ísírẹ́lì, òkun Gálílì inú Bíbélì. Ẹja Pétérù ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí ìtàn owó orí tí Pétérù bá lẹ́nu ẹja nínú Mátíù orí 17. Ẹja yìí kò tíì pinnu. Ní ìgbà kan ìyá á kó ẹyin sẹ́nu, ní ìgbà kan bàbá, ní ìgbà mìíràn àwọn méjèèjì á pín in, olúkúlùkù á sì gbé tirẹ̀ lọ. Sigal Balshine-Earn sìn wọ́n, ó wọ̀n wọ́n, ó sì rí i pé ẹni tó bá tọ́mọ ń rù, ó sì ń pẹ́ kó tó tún lè bímọ, ìbáà ṣe akọ tàbí abo. Òun àti onímọ̀ ìṣirò David Earn wá gbé ayò Maynard Smith lé wọn lórí lọ́dún 1997. Kò sí ohun tó wà lára akọ tó ní kó sá, kò sí ohun tó wà lára abo tó ní kó dúró. Àyè ìta àti iye tí ìtọ́jú ń náni ló ń sọ ọ́.

Ìbátan wọn kan láti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, Herotilapia multispinosa, jẹ́rìí sí i láìfi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Miles Keenleyside kó wọn sínú adágún àtọwọ́dá ní Kánádà, ó sì ń yí iye akọ àti abo padà. Nígbà tí abo pọ̀ ju akọ lọ, bàbá tó ń kọ ìyá àti ọmọ sílẹ̀ pọ̀ sí i. Ó tẹ ìwádìí náà jáde lọ́dún 1983. Mo mọ àwọn ọkùnrin kan tí wọn á gbọ́ èyí tí wọn á sọ pé, ẹ ò rí i, bí Ọlọ́run ṣe dá wa nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ pe ẹja wá ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ ẹja wo. Ẹpìyà ọ̀sà náà wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kún, kò lè sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìṣirò Maynard Smith ti ọdún 1977 ti jin sí kòtò. Nínú àpẹẹrẹ mi lókè, mo ní akọ tó bá lọ á rí abo mìíràn lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mejì. Abo wo? Bí gbogbo akọ bá lọ, tí gbogbo abo sì ń gbé ẹyin sẹ́nu, ìta á kún fún akọ, abo á sì wọ́n bí ojú. Gbogbo ọmọ ló ní bàbá kan àti ìyá kan, kò sì sí bí àwọn bàbá lápapọ̀ ṣe lè bímọ ju àwọn ìyá lápapọ̀ lọ. Hanna Kokko àti Michael Jennions tẹnu mọ́ èyí gidi lọ́dún 2008: èrè ìta kì í ṣe owó tó kàn wà nílẹ̀, àwọn tó ń lọ ló ń sọ ọ́ di kékeré bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó yẹ kí ìyẹn máa dá bàbá padà sílé. Kí ló dé tí kò dá akọ odò padà? Nítorí pé kì í ṣe akọ gbogbo ló ń jèrè níta. Ìwọ̀nba àwọn tó gba kòtò tó dára ni, àwọn yẹn ni bàbá ọ̀pọ̀ ọmọ, ìwà wọn ni àwọn ọmọ sì ń jogún. Àwọn akọ kékeré tó ń rìn kiri létí kòtò ì bá jèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá tọ́mọ, ṣùgbọ́n ọmọ ta ni wọ́n fẹ́ tọ́?

Èyí tún fi hàn pé ohun tó fà á àti ohun tó yọrí sí lè gba ipò ara wọn. Mo ní kòtò ló mú kí akọ lọ. Ẹlòmíràn lè ní lílọ akọ ló sọ kòtò di ohun tí wọ́n ń jà lé, kò sì ṣì sọ. Nígbà tí ìyá bá ti gbé ẹyin, akọ tó ráyè á pọ̀, ìjà á bẹ̀rẹ̀, ara á máa tóbi, kòtò á máa níye lórí sí i, lílọ á sì túbọ̀ máa dùn. Ìyàtọ̀ kékeré níbẹ̀rẹ̀ lè di ọ̀gbun láàárín ìbátan méjì.

Ṣé ayò yìí kò lè bà jẹ́ mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́ ni? Ó lè bà jẹ́. Ní Hungary àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká, ẹyẹ kékeré kan wà, Remiz pendulinus, tí akọ rẹ̀ ń hun ìtẹ́ òwú tó ń fì dirodiro létí ẹ̀ka igi. Abo á wọlé, á yé ẹyin, á sì rì wọ́n mọ́ abẹ́ òwú inú ìtẹ́ kí akọ má bàa mọ̀ pé ẹyin ti wà níbẹ̀. Bí akọ bá mọ̀ pé ẹyin ti tó, ó lè lọ fẹ́ abo mìíràn. Abo náà ń wá bí òun á ṣe kọ́kọ́ lọ. Àwọn méjèèjì kì í jọ tọ́mọ láé. Nínú nǹkan bí ìtẹ́ kan nínú mẹ́ta, àwọn méjèèjì ló ń lọ, ẹyin á sì bàjẹ́. Tamás Székely àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ẹyẹ yìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹpìyà méjèèjì dà bí ẹni tó ní làákàyè. Mo rò pé ohun tó gbà wọ́n ni pé ojúkojú ni wọ́n ti ń ta tiwọn: ẹyin wà nílẹ̀, ẹja mìíràn ń bọ̀ láti jẹ ẹ́, ẹni tó máa gbé e gbọ́dọ̀ gbé e lójú ẹsẹ̀, ẹnìkejì sì ń wò ó. Ẹyẹ yẹn ń fi ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ fún ẹnìkejì, ìfipamọ́ yẹn ló sì ń gba ọmọ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn ọlọ́sìn ẹja ti bá ẹpìyà odò yanjú tirẹ̀. Abo tó gbé ẹyin sẹ́nu kì í dàgbà, ọmọ rẹ̀ á sì kún pọ́ńdù títí gbogbo wọn kò fi ní lè tóbi. Nítorí náà, wọ́n ń po oògùn homonu akọ mọ́ oúnjẹ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí gbogbo wọn lè di akọ. Akọ nìkan ló ń kún pọ́ńdù, ara ńlá tí ìjà kòtò fún àwọn bàbá ńlá wọn ni ọlọ́sìn sì ń wọ̀n tà ní kílò. Wọ́n ti gbìyànjú láti sin ti ọ̀sà náà, ní ọ̀sà Ébrié ní Côte d'Ivoire, ṣùgbọ́n kì í tètè tóbi, ọ̀pọ̀ ló sì padà sídìí ti odò. Ní Thailand, ibi tí wọ́n gbé ti ọ̀sà dé tó sì bọ́ sínú odò àti pọ́ńdù èdé, ìjọba san owó lórí kílò kọ̀ọ̀kan lọ́dún 2024 fún ẹnikẹ́ni tó bá lè kó o kúrò nínú omi. Kò rọrùn: àwọ̀n tó bá pa abo kò tíì kan ọmọ tó wà lẹ́nu akọ.